Ohun Tí Afẹ́fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Aṣọ

Aṣọ náà ò dúdú nígbà tí màmá aláró fà á jáde kúrò nínú omi. Ó ń ro tótó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti fẹ́ máa pọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo mú dání wo aṣọ, ó wò mí lójú. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: aró la wá wò ní Ìtòkú, aró tí wọ́n fi ń mọ Abẹ́òkúta kiri ayé, èwo wá ni ti omi ewé yìí? Màmá ò tilẹ̀ wo ojú wa. Ó gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sá a sórí okùn, ó na etí rẹ̀ kó má baà ká, ó ní, "Ẹ máa wò ó o."

A ń wò ó. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí òjò tó ń bọ̀ láti apá ibì kan, títí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi lọ pátápátá tí aró sì dé. Ẹnikẹ́ni ò kùn ún. Ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kan sí i lára. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan nídìí rẹ̀ ò ní tíì jẹ ẹ́ tán.

"Ọ́ńkù, kí ló ṣe é?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Afẹ́fẹ́ ni, ọkọ mi. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, kò lè di aró."

Ìdáhùn yẹn tọ̀nà, mi ò sì rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè sọ ọ́ kó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan díẹ̀ yẹn ló sì mú mi gbé ọmọ yìí wá. Kíláàsì kìíní ló wà ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà, kẹ́mísìrì sì ti ń lé e kiri ilé. Mo ti yẹ ìwé rẹ̀ wò: òbíríkítí nínú òbíríkítí, àmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ ṣù bo etí wọn bí eṣinṣin, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ wọn, 2, 8, 1. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ó ń kà wọ́n bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fóònù tí kò mọ ẹni tí yóò gbé e.

Aró Abẹ́òkúta ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ rí, ẹjọ́ náà ò sì jìnnà sí ohun tó wà nínú ìwé ọmọ yìí. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ewé ẹ̀lú ni aró. Wọ́n á já a ní tútù, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á da omi lé e. Omi tó bá jò jáde nísàlẹ̀ ni wọ́n á fi rẹ ẹ̀lú, ó sì di ọjọ́ mélòó kan kí aró tó pọ́n débi tí aṣọ á fi wọ̀ ọ́. Òrìṣà Ìyá Màpó ni wọ́n ń képè sórí iṣẹ́ náà, nítorí ìkòkò aró a máa ṣe bí ẹlẹ́mìí: lọ́jọ́ kan á gbà, lọ́jọ́ kejì á kọ̀ jálẹ̀, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ òyìnbó gbé ìyẹ̀fun aró inú agolo dé, ó gbé sódà tí ń jóni lọ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ eérú, ó bọ́ lọ́wọ́ ìdúró. Àwọn aláró gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn mìíràn pariwo pé sódà ń jẹ aṣọ, pé orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá ń bàjẹ́ lọ́jà. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró ò gbà. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní ọdún 1936. Òpìtàn Judith Byfield ti kọ odindi ìwé lórí àwọn obìnrin wọ̀nyí, ọwọ́ wọn tí aró ti kùn ló sì fi ṣe àkọlé ìwé náà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn síbẹ̀ ná.

Aró inú agolo yẹn wá láti Jámánì. Ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀lú tí kò ti inú ewé kankan jáde, lẹ́yìn tí Adolf von Baeyer ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ẹ̀lú palẹ̀ títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ọdún 1897 yẹn kan náà ni J. J. Thomson, ní Cambridge, fi hàn pé ohun kan wà tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì, tí gbogbo átọ́ọ̀mù sì ní. Òun là ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lónìí. Àwọn tó ń ta aró ò bá Thomson da nǹkan pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn gan-an ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ nínú agolo wọn.

Ká fi ìkòkò sílẹ̀ ná, ká wọ agbo-ilé.

Agbo-ilé àtijọ́ ní ìyẹ̀wù, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ojúde. Àlejò tó bá dé kì í bá ará ìyẹ̀wù pàdé. Àwọn tó jókòó sí ojúde ló ń kí i káàbọ̀, àwọn ló ń gbẹ́rù lórí rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì dìjà, àwọn náà ló kọ́kọ́ ń dìde. Átọ́ọ̀mù náà ń gbé irú agbo-ilé bẹ́ẹ̀. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni àwọn pírótọ́ọ̀nù wà, tí wọ́n ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra. Iye pírótọ́ọ̀nù ló ń sọ ẹni tí átọ́ọ̀mù jẹ́: ọ̀kan, háídírójìn ni, mẹ́fà, kábọ́ọ̀nù ni, mọ́kànlá, sódíọ̀mù ni. Iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí wọn ká bá tiwọn dọ́gba, ipele-ipele ni wọ́n sì ń gbé. Ìyẹ̀wù ò gbà ju méjì lọ. Ipele tó tẹ̀ lé e gba mẹ́jọ. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù á bọ́ síta. Àwọn tó wà ní ipele tó jìnnà jù lọ yìí ni àwọn olùkọ́ ń pè ní valence electrons. Èmi ń pè wọ́n ní ará ojúde. Bí irin ṣe ń dípàtà, bí igi ṣe ń jó, bí aṣọ ṣe ń gba aró, ọ̀rọ̀ ará ojúde ni gbogbo rẹ̀. Ará ìyẹ̀wù kì í dá sí i.

Nígbà tí mo sọ báyìí tán, 2, 8, 1 inú ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá di ilé kan tí a lè wọ̀. Sódíọ̀mù ni: méjì ní ìyẹ̀wù, mẹ́jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹyọ kan péré lójúde, tó jìnnà sí àárín, tí wọn ò sì dì mú dáadáa. Kílórínì ní mẹ́tàdínlógún, 2, 8, 7. Ojúde tirẹ̀ ku ẹyọ kan kó tó kún. Níọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tí ń tàn pupa nínú iná ojú ṣọ́ọ̀bù, ní mẹ́wàá, 2, 8. Ojúde rẹ̀ kún bámú, nítorí náà kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀, kò yáni, kò sì yá lọ́wọ́ ẹni. Àwọn àmì bí orí abẹ́rẹ́ tó wà nínú ìwé ọmọ yìí, Gilbert Lewis ará Amẹ́ríkà ló ni wọ́n. Ní 1916 ló kọ̀wé pé ohun tó ń so átọ́ọ̀mù méjì pọ̀ kò ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n jọ ní lọ.

Ṣùgbọ́n jíjọ-ní nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí átọ́ọ̀mù fi ń so pọ̀. Ẹ wo iyọ̀. Sódíọ̀mù gidi dà bí irin rírọ̀ tí ọ̀bẹ ìdáná lè gé. Sọ ọ́ sómi, á gbiná. Kílórínì jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń fúnni lọ́fun. Àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u sí ojú ogun ní Ypres nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Jẹ́ kí méjèèjì pàdé. Ẹyọ kan tó wà lójúde sódíọ̀mù á ṣí kúrò, á bọ́ sí ojúde kílórínì. Ìṣirò wọn ò wá dọ́gba mọ́: sódíọ̀mù ní pírótọ́ọ̀nù mọ́kànlá pẹ̀lú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá, kílórínì ní mẹ́tàdínlógún pẹ̀lú méjìdínlógún. Ọ̀kan ti di ẹni tí wọ́n jẹ ní nǹkan, ọ̀kan ti di ẹni tó jẹ nǹkan ọ̀hún, wọn ò sì lè fi ara wọn sílẹ̀ mọ́. Kílórínì mẹ́fà á yí sódíọ̀mù kan ká, sódíọ̀mù mẹ́fà á yí kílórínì kan ká, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa tò lọ títí wọ́n á fi di hóró funfun kan. Òun náà ni wọ́n fi se ọbẹ̀ lánàá. Ohun tó ń jó nínú omi àti ohun tó pa ọmọ ogun lójú ogun, wọ́n pàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, wọ́n di ohun tí a fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ti jíjọ-ní wá yàtọ̀. Nínú àwọn agbo-ilé tó wà káàkiri Abẹ́òkúta, ìwọ á rí yàrá méjì tí ògiri kan ṣoṣo wà láàrin wọn. Ta ló ni ògiri yẹn? Ẹni ọ̀tún á kà á mọ́ tirẹ̀, ẹni òsì á kà á mọ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó purọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ gbé ti òun lọ, ilé méjèèjì ló máa wó. Háídírójìn kan ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ìkejì ní kan. Wọ́n fi méjèèjì mọ ògiri sáàárín, olúkúlùkù sì ń ka méjì. Ọ́síjìn ní mẹ́fà lójúde, ó ku méjì, nítorí náà ó mọ ògiri pẹ̀lú háídírójìn méjì, omi odò Ògùn nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù ní mẹ́rin. Ó pọ̀ jù láti fi tọrẹ, ó sì kéré sí mẹ́jọ, nítorí náà kì í fúnni, kì í sì í gbà, ògiri ló ń bá gbogbo ènìyàn mọ, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sọ ọ́ di òpó gbogbo ohun ẹlẹ́mìí nìyẹn: ewé, ẹran, epo pupa, èmi àti ìwọ.

Màmá aláró wa ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ kí aró má baà dé ibẹ̀. Ohun kan wà nípa ẹ̀kọ yìí tí mi ò mọ̀ títí mo fi dàgbà, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Ṣúgà tí wọ́n ń pè ní glúkóòsì ni wọ́n so mọ́ra léraléra tó di láfún. Glúkóòsì kan náà ni wọ́n so mọ́ra léraléra tó di òwú. Ibi tí wọ́n kọjú sí nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri ló yàtọ̀: ti láfún dojú kọ ọ̀nà kan, nínú ti òwú, bí ọ̀kan bá kọjú síwájú, èkejì á kọjú sẹ́yìn. Torí ẹ̀ la ṣe ń jẹ ọ̀kan tí a sì ń wọ èkejì. Ikùn wa mọ bí a ti ń tú ògiri láfún, kò mọ bí a ti ń tú ti òwú. Ewúrẹ́ tó bá jẹ aṣọ rẹ lórí okùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tú. Nígbà tí aláró bá fi láfún ya ẹja sára aṣọ tẹ́rú, ṣúgà ló fi ń yàwòrán sára ṣúgà.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí, nítorí àpèjúwe a máa gbé ènìyàn gun ẹ̀yìn ẹṣin kó sì gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò jókòó sórí àga. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ rẹ̀ á sọ pé wọ́n dà bí ìkùukùu tó bo orí òkúta Olúmọ láàárọ̀ ìgbà ọyẹ́: o mọ ibi tó ti nípọn, o ò lè fọwọ́ sí ojú kan kó o ní ibí gan-an ló wà. Mi ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fọ́mọdé pé inú átọ́ọ̀mù ń dùn bí ó bá ti ní mẹ́jọ. Átọ́ọ̀mù ò ní inú tí yóò dùn. Bí omi ṣe ń ṣàn wá sísàlẹ̀ láti orí òkè ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí agbára wọn bá ti rẹlẹ̀ jù ni wọ́n ń fìdí kalẹ̀ sí. Mẹ́jọ pàápàá kì í ṣe òfin fún gbogbo wọn. Irin àti bàbà ní ìṣirò tiwọn, ó sì díjú ju èyí tí mo ń sọ yìí lọ.

Irin ló kù. Torí rẹ̀ ni mo ṣe gbé ọmọ náà gun Olúmọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ agbénirókè wà níbẹ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn la gbà, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá ti dórí òkè yẹn rí mọ ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí: páànù. Páànù tó ti dípàtà, pupa rúsúrúsú, òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, títí ojú fi ṣú. Àwọn akéwì ti kọ̀wé lórí rẹ̀, àwọn ayàwòrán ò sì jẹ́ kó sinmi. Mo ní kí ọmọ náà sọ ohun tó rí.

"Ìpàtà, sà."

"Kí ni ìpàtà?"

Ó dákẹ́. Mo ní kó wo àwọn òrùlé tuntun díẹ̀ tó ń kọ mànà láàrin wọn. Irin náà ni wọ́n, bí ti tẹ́lẹ̀ ṣe wà, ṣùgbọ́n wọ́n fi síǹkì bò wọ́n lára. Nínú irin, kò sí ọ̀rọ̀ ògiri àjọni láàrin ẹni méjì. Gbogbo átọ́ọ̀mù ló kó ará ojúde wọn jọ, wọ́n sọ wọ́n di ti gbogbo ìlú, bí ọjà tí ẹnì kan ò ni. Ìdí nìyẹn tí páànù fi ń ká tí kò fi ń fọ́ bí àwo. Átọ́ọ̀mù lè sún, ọjà ò tú. Ìdí náà nìyẹn tí wáyà fi ń gbé iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá rọ̀, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, tó ku méjì lójúde rẹ̀, á gba inú omi wá tọrọ. Irin máa ń fún un. Irin tó ti fún un kì í ṣe irin mọ́, òun ni ìpàtà.

Síǹkì wá ni ọ̀rẹ́ tí ń dúró síwájú ẹni. Ó yá síǹkì lára láti fúnni ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju irin lọ. Bí ọ́síjìn bá dé, òun ló máa kọ́kọ́ san án, kódà bí ìṣó bá ti ha páànù tí irin fi yọjú níbì kan, síǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa san gbèsè fún un. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán ni àwọ̀ òrùlé ń yí. Òrùlé pupa tó o rí nísàlẹ̀ yẹn, ọmọ mi, ilé tí síǹkì rẹ̀ ti san gbèsè kú ni.

Òkúta tí a jókòó lé lórí nígbà yẹn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Èyí tó ń dán bí ìgò fífọ́ lára Olúmọ, sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ni. Sílíkọ́ọ̀nù ní mẹ́rin lójúde bí i kábọ́ọ̀nù. Ó bá ọ́síjìn mẹ́rin mọ ògiri, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan tún bá sílíkọ́ọ̀nù mìíràn mọ, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ń lọ láìdúró, òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì. Láti fọ́ ọ, o gbọ́dọ̀ wó ògiri. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ òkúta yìí ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, abẹ́ ògiri yẹn ni wọ́n sá sí.

A padà sí Ìtòkú lọ́jọ́ kẹta, nítorí ọmọ náà ní òun fẹ́ bi màmá ní ìbéèrè. Mo yọ̀ díẹ̀ nínú ara mi, mi ò fi hàn.

Ìkòkò ti di dúrọ́ọ̀mù lóde òní. Omi gbóná wà nínú rẹ̀, aró inú agolo, sódà, àti ìyẹ̀fun funfun kan tí gbogbo wọn ń pè ní háídírò, tí òórùn rẹ̀ dà bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Ojú omi náà dúdú, ó ń dán bí bàbà. Màmá fi igi pín in sọ́tọ̀: abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ẹ̀lú, ti inú ewé tàbí ti inú agolo, ohun kan náà ni: kábọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2, ògiri ló so gbogbo wọn pọ̀. Kò bá omi rẹ́. Dà á sómi lásán, bí iyanrìn ló máa lọ jókòó sísàlẹ̀, aṣọ tó o bá tì bọ̀ ọ́ á kàn dọ̀tí ni. Ní àárín rẹ̀ gan-an, kábọ́ọ̀nù méjì wà tí ògiri tó wà láàrin wọn nípọn ní ìlọ́po méjì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin dípò méjì. Àárín yìí ni àwọ̀ rẹ̀ fìdí lé. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ló ń gbé apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn mì, èyí tó pupa bí ọsàn pípọ́n, aró ló sì kù fún ojú wa.

Háídírò wá jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ là. Imí ọjọ́, ọ́síjìn àti sódíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, kì í sì í lè tọ́jú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó fún ẹ̀lú kọ̀ọ̀kan ní méjì. Nígbà tí méjì yìí bá wọlé, ògiri àárín tó nípọn á di ògiri kan, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀lú ń gbé mì á yí padà, àwọ̀ aró á sì parẹ́. Ní àkókò kan náà, ẹ̀lú ti di ẹni tó gba àfikún, bí kílórínì inú iyọ̀, omi a sì máa fa irú wọn mọ́ra. Iṣẹ́ sódà ni láti rí i pé àfikún yẹn ò sọnù sọ́wọ́ háídírójìn inú omi. Ẹ̀lú wá rẹ́ sómi. Ó wọ inú òwú lọ, ó wọ ibi tí iyanrìn kankan ò lè wọ̀.

Àwọn ìyá wa àgbà ò ní háídírò. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìkòkò ló ń bá wọn ṣe é. Gbogbo ohun tó ń jẹun ló ń yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lára oúnjẹ, ó sì gbọ́dọ̀ wá ibi kó o sí. Èmi àti ìwọ ń kó tiwa lé ọ́síjìn tí a ń mí sínú lọ́wọ́. Torí rẹ̀ la ṣe ń mí. Nínú ìkòkò jíjìn tí afẹ́fẹ́ ò dé, àwọn kòkòrò yẹn ò rí ọ́síjìn, wọ́n kó o lé ẹ̀lú lọ́wọ́. Omi eérú ń ṣe iṣẹ́ tí sódà ń ṣe lónìí. Ìkòkò tó kọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ bẹ Ìyá Màpó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n rò ó jù tí afẹ́fẹ́ fi wọ̀ ọ́, tàbí kí ebi máa pa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹlẹ́mìí ni ìkòkò náà lóòótọ́. Ohun tí wọ́n jà lé lórí ní 1936, tí ẹ bá wò ó láti ibí yìí, ni ẹni tí yóò máa fún ẹ̀lú ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì: ṣé inú ìkòkò ni yóò ti wá ni, àbí inú ọkọ̀ òkun.

Nígbà tí màmá fa aṣọ jáde, ọ́síjìn ti ń dúró níta. Ó rí ẹ̀lú tó di méjì mú, ó gbà á. Ògiri àárín tún nípọn padà, àwọ̀ padà dé, ẹ̀lú sì tún di iyanrìn tí kò bá omi rẹ́, ṣùgbọ́n inú òwú ló ti di iyanrìn báyìí. Kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ibi tí láfún bò nìkan ni kò wọ̀, ibẹ̀ ló kù ní funfun.

Ẹ ṣàkíyèsí pé aró àti òwú ò mọ ògiri kankan pọ̀. Aró kàn há sínú rẹ̀ ni, bí ẹni tí òjò ká mọ́ ilé onílé. Torí ẹ̀ ni àdìrẹ ẹ̀lú fi máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ níbi orúnkún àti ìgbúnwọ́, bí jíìnsì náà ṣe ń ṣí, nítorí ẹ̀lú náà ni wọ́n fi ń pa jíìnsì. Ní 1956, ilé-iṣẹ́ ICI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú aró mìíràn jáde tó ń bá òwú mọ ògiri gidi. Ìyẹn kì í ṣí bọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀lú lọ, mi ò ní bá a jà, àmọ́ mo fẹ́ràn aṣọ tó ń jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti kúnlẹ̀ sí.

Ìbéèrè tí ọmọ náà tìtorí rẹ̀ padà wá kì í ṣe ti aṣọ. Ó ti ń wo ọwọ́ màmá láti ọjọ́ kìíní. Rọ́bà ni màmá ń wọ̀ sọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ àti ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dúdú láti ìgbà tí kò sí rọ́bà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọṣẹ ò lè fọ ọwọ́ yín ni?"

"Ọṣẹ wo? Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ funfun, kànìnkànìn, gbogbo ẹ̀ ni mo ti lò, ọkọ mi. Kò lọ."

Ọmọ náà rò ó. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì bí ìgbà tó ń ka 2, 8, 1. Ó ní, "Ọṣẹ ò lè fún un ní méjì tó ń wá. Inú omi háídírò àti sódà tí kò tíì gba aró ló ti lè rí i. Tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láìwọ rọ́bà, á rẹ́ sómi, á lọ."

Màmá wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Á lọ lóòótọ́. Awọ ọwọ́ mi náà á bá a lọ." Ó fa rọ́bà rẹ̀ wọ̀ dé ìgbúnwọ́, ó sì gbé aṣọ tó kàn.